Ọmọ Aṣípa ní ilẹ̀ Bràsíìlì

Gbogbo wa ni a mọ ìgbálẹ̀. Ara ewé ọ̀pẹ ni a ti ń mú igi rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò mú ọ̀bẹ, yóò ha ewé kúrò, igi tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ni yóò kù. Yóò sá a sí oòrùn kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò kó o jọ, tí yóò sì fi okùn dì í. Igi kan ṣoṣo, ọmọdé lè ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá di 100 rẹ̀ pọ̀, àgbàlagbà ọkùnrin kò lè ṣẹ́ ẹ.

Ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí jẹ́ ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Kì í ṣe ìgbálẹ̀ ilé ni ó fi ń ṣe. Ohun ọwọ́ òrìṣà ni ó fi ń ṣe. Òkè òkun ni wọ́n bí i sí, ní ìlú Salvador, ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ sọ fún un pé Kétu ni àwọn ti wá. Ní ọdún 1967 ó wá sí Kétu.

Orúkọ tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ni Deoscóredes Maximiliano dos Santos. Orúkọ yìí gùn, àwọn ará ìlú kò sì pè é bẹ́ẹ̀. Didi ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó di ògbóǹtarìgì, wọ́n fi «Mestre» kún un. Ní èdè àwọn Potogí, «mestre» ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1917 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ. Ìyá rẹ̀ ni Maria Bibiana do Espírito Santo, tí gbogbo Bahia mọ̀ sí Ìyá Senhora.

Báwo ni ọmọ Kétu ṣe dé Bràsíìlì? Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa òwò ẹrú. Ogun ni ó kó àwọn ènìyàn wa. Wọ́n mú wọn lọ sí etí òkun, sí Wídà, sí Àjàṣẹ́, sí Àgbádárìgì, sí Èkó, wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ilẹ̀ kan ní òkè òkun tí ó gba ẹrú láti Áfríkà tó Bràsíìlì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti etí òkun tiwa lọ, Bahia ni wọ́n já wọn sí. Níbẹ̀, wọn kò pè wọ́n ní Yorùbá. Nàgó ni wọ́n pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè wá níhìn-ín títí di òní. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíìlì.

Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò ráyè di ẹrù. Ẹni tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ kò rí owú gbé dání. Ẹni tí ó jẹ́ ahunṣọ kò rí òfì gbé dání. Ohun tí ó wà ní orí àti ní ọwọ́ nìkan ni ó bá wọn lọ. Nítorí náà, bí a bá rí iṣẹ́ ọwọ́ wa kan ní Bahia lẹ́yìn 100 ọdún, kí a mọ̀ pé ẹnì kan rántí rẹ̀, ó sì fi han ọmọdé kan.

Nínú ìdílé Didi, obìnrin ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Marcelina da Silva ni orúkọ tí wọ́n fún un ní Bràsíìlì. Orúkọ òrìṣà rẹ̀ ni Obatossi. Òun ni ó bí Magdalena. Magdalena bí Claudiana. Claudiana bí Ìyá Senhora. Ìyá Senhora sì bí Didi. Ẹ kà wọ́n: ìran 5 ni.

Ẹrú ni Marcelina nígbà tí ó dé. Ẹni tí ó rà á náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, obìnrin tí ó ti gba òmìnira, tí ó sì ń jẹ́ oyè Ìyá Nàsó. Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu. Ní ayé ìgbà náà, ẹrú tí ó bá di òmìnira lè ra ẹrú. Ìyá Nàsó jẹ́ oyè àwọn tí ń bọ Ṣàngó ní ààfin Ọ̀yọ́. Obìnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá ilé òrìṣà kan sílẹ̀ ní Salvador, tí ó ṣì wà títí di òní, tí wọ́n ń pè ní Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọkà.

Ní òru ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira dìde ogun ní Salvador. Mùsùlùmí ni wọ́n, Nàgó sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, ìjọba fi ojú burúkú wo gbogbo ọmọ Áfríkà, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ abọ̀rìṣà. Wọ́n mú àwọn ọmọ Ìyá Nàsó. Ní ọdún 1837 obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó sì wọkọ̀ padà sí etí òkun wa. Ó ti fún Marcelina ní òmìnira, Marcelina àti ọmọ rẹ̀ Magdalena sì bá a lọ.

Ibi tí wọ́n lọ ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Ní Bahia, àwọn àgbà máa ń sọ pé Kétu ni wọ́n lọ, wọ́n sì lo ọdún 7 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ ìwé àtijọ́ wò rí i pé Wídà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, àti pé Marcelina ti padà sí Bahia ní ọdún 1839. Èmi gba ìwé gbọ́ lórí iye ọdún, nítorí ìwé ìrìnnà kì í gbàgbé ọjọ́. Àmọ́ ìwé ìrìnnà kò sọ ohun tí ènìyàn kọ́ níbi tí ó lọ. Ohun tí ó dájú ni pé obìnrin yìí, tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú, tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí ilẹ̀ tí oko ẹrú wà. Ó di ìyálórìṣà ilé náà, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1885.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ ọwọ́ náà. Ẹni tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lè ka èyí láìbẹ̀rù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń wò.

Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń mú dání. Ṣàngó ní oṣé. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọrun àti ọfà. Ọbalúayé ní ṣàṣàrà. Nàná Bùrúkú, tí wọ́n ń bọ ní Ìdàáṣà títí dé Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, ní ìbírí. Igi ewé ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe ṣàṣàrà àti ìbírí. Wọ́n á ṣa igi náà kí ó gùn dọ́gba. Wọ́n á dì í ṣinṣin. Wọ́n á wá fi awọ aláwọ̀ oríṣiríṣi wé e láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì rán owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ awọ náà. Ṣàṣàrà dúró gbọnrangandan, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀ bí orí ìgbálẹ̀. Ìbírí ní tirẹ̀, wọ́n á tẹ orí rẹ̀ kọdọrọ, títí yóò fi padà wá kan ara rẹ̀. Títẹ̀ yìí ni iṣẹ́ wà. Bí igi bá ti gbẹ jù, yóò ṣẹ́. Bí ó bá tutù jù, yóò tú nígbà tí ó bá gbẹ tán. Ọwọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí ó mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sọ pé igi kọ̀ọ̀kan dúró fún ènìyàn kan nínú àwọn tí ó ti lọ, àti pé ìdì náà ni ìdílé.

Ní Bahia, wọ́n rí ohun èlò lò. Ọ̀pẹ tiwa ti dé ibẹ̀ láti Áfríkà, ó hù dáadáa, wọ́n sì ń fi epo rẹ̀ se àkàrà títí di òní. Owó ẹyọ ń ti etí òkun wa lọ, pẹ̀lú obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì, nítorí àwọn oníṣòwò kò ṣíwọ́ lílọ bíbọ̀ láàárín Èkó, Wídà àti Salvador fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó lè wọ́n ni ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ilé òrìṣà tí Didi dàgbà sí ni Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ìyá Aninha, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Eugênia Anna dos Santos, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1910. Ìyá yìí rí i pé ọmọ náà ní ọwọ́. Kí ó tó kú ní ọdún 1938, ó fi í jẹ oyè Assogbá, olórí àwọn tí ń bọ Ọbalúayé. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 21 ni. Oyè yìí kì í ṣe oyè ìjókòó. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ṣàṣàrà àti ìbírí fún ilé náà.

Ìgbà yẹn kò rọrùn. Àwọn ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà ní Bahia. Wọ́n ń fọ́ ìlù, wọ́n ń kó ohun òrìṣà lọ, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí àtìmọ́lé. Àwọn ohun tí wọ́n kó, wọ́n gbé wọn sínú àpótí láti fi han ènìyàn, bí ẹni fi ohun ìjà ọ̀daràn hàn. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ọdún. Ẹ wá rò ó wò. Bí ọlọ́pàá bá gbé ṣàṣàrà lọ, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì wà láàyè, láàárín ọjọ́ díẹ̀ òmíràn yóò ti wà ní ojúbọ. Bí ẹni náà bá ti kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ó tán. Ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ewé ọ̀pẹ kò sì dà bí ère igi líle. Kòkòrò ń jẹ ẹ́, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Ọlọ́pàá ìbáà má tilẹ̀ wá, ìran kọ̀ọ̀kan ní láti tún un ṣe.

Didi kò jókòó sí ìdí ṣàṣàrà nìkan. Nígbà tí ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ọ̀pẹ, awọ, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ṣe ohun ńláńlá: ejò tí ó ká, ẹyẹ lórí igi, ọ̀pá tí ó ga ju ènìyàn lọ. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun ojúbọ. Ó ń gbé wọn jáde kí gbogbo ayé wò wọ́n, àwọn olówó sì ń rà wọ́n. Àwọn kan lè bèèrè pé: ṣé kò ta ohun ìdílé báyìí? Lójú tèmi, kò tà á. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń rọ ọkọ́ fún ọjà lè rọ irin Ògún fún ilé. Iná kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ní ọdún 1989 wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Paris, sí àfihàn ńlá kan tí ó kó àwọn oníṣẹ́ ọnà gbogbo ayé jọ. Ní ọdún 1996, ní São Paulo, wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un nínú àfihàn tí ó tóbi jù lọ ní Bràsíìlì. Nǹkan tí ọlọ́pàá ń kó lọ nígbà tí ó wà ní ọmọdé ni ìjọba wá ń fi yangàn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1967, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti kàn wá gan-an.

Nínú ìdílé Didi, wọ́n ní oríkì kan. Kò gùn. Orúkọ Aṣípa ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Marcelina fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn náà fi lé ọmọ tiwọn lọ́wọ́. Ní Bahia nígbà náà, èdè Nàgó ti kúrò ní èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà. Ó kù nínú orin, nínú àdúrà àti nínú orúkọ oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ orin tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Didi fẹ́ràn èdè náà, ó tilẹ̀ kó àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé kékeré kan. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún un pé oríkì ìdílé rẹ̀ tún wà lẹ́nu ẹlòmíràn níbikíbi láyé.

Àjọ UNESCO fún un ní owó ìrìn àjò láti wá ṣe ìwádìí ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ wa, tí ó ń jẹ́ Dàhòmì nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀, Juana Elbein, bá a wá. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó ti di babaláwo ní Kétu ní ọdún 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, ni ó mú wọn lọ sí ààfin Alákétu.

Didi fúnra rẹ̀ ti sọ bí ó ṣe rí. Ó kí ọba ní èdè wa. Ó kọ àwọn orin tí wọ́n ń kọ ní Bahia, orin nípa Kétu, ó sì ya àwọn ará ààfin lẹ́nu pé wọ́n gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí ó sọ oríkì ìdílé rẹ̀. Ó sọ ọ́. Bí ọba ti gbọ́ orúkọ Aṣípa, ó dìde lórí ìjókòó, ó na ọwọ́ sí apá kan, ó ní ibẹ̀ yẹn ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbé.

Wọ́n lọ sí ibẹ̀. Ilé Aṣípa wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó tún oríkì náà sọ níwájú àwọn àgbà ilé. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, kò ní àwòrán bàbá ńlá kankan. Gbólóhùn ẹnu ni ó gbé kọjá òkun. Àwọn ará ilé sì gbà á bí ọmọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwa ará Kétu náà rántí níhìn-ín. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé àwa jókòó jẹ́ẹ́ sí ilé, tí àwọn tí ó lọ nìkan sì jìyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1883 ogun Dàhòmì kọlu Kétu. Ní ọdún 1886 wọ́n padà wá, wọ́n fọ́ ìlú, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú náà di ahoro. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun ọba Dàhòmì ni àwọn tí ó kù rí ààyè padà, tí wọ́n sì tún ìlú tò láti ọdún 1893 lọ. Nítorí náà, àwọn Aṣípa tí Didi bá ní Kétu, ọmọ àwọn tí ogun fọ́n ká ni àwọn náà. Ìyá tí ó wà ní Bahia tọ́jú gbólóhùn náà. Ìyá tí ó wà ní ìgbèkùn ní Àgbómẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀. Ká ní ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ti jẹ́ kí ó bọ́ sọnù ni, ọba ìbá gbọ́ orin àjèjì lásán ní ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 yẹn gan-an ni Ìyá Senhora kú ní Salvador. Òun náà ti gba ọ̀wọ̀ láti ilẹ̀ wa kí ó tó lọ: ní ọdún 1952 Aláàfin Ọ̀yọ́ fi oyè Ìyá Nàsó ránṣẹ́ sí i.

Lẹ́yìn ìrìn àjò náà, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ó gba Didi lọ́kàn. Ní ọdún 1974 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti ọdún 1976 sí 1986 wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ kan nínú ọgbà Òpó Àfọ̀njá, tí wọ́n sọ ní Oba Biyi, orúkọ òrìṣà Ìyá Aninha. Àwọn ọmọ tálákà àdúgbò ni ó ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé, ṣùgbọ́n àlọ́, orin àti iṣẹ́ ọwọ́ ilé òrìṣà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Àwa tí a ń kọ́ àgbà ní ìwé ní èdè Nàgó mọ ìdí rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ohun ilé rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́, ó máa ń yára kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọdún 10 ni ilé ẹ̀kọ́ náà lò. Ó dùn mí pé kò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ kì í sì í bọ́ sí ọwọ́ ọmọ bí bàbá ṣe ṣe é gan-an. Ọmọ Didi obìnrin, Inaicyra Falcão dos Santos, ijó àti orin ni ó mú. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó sì di olùkọ́ ijó ní yunifásítì ní Bràsíìlì. Ó ń fi orin Nàgó tí ó gbọ́ nílé kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì rí Kétu rí.

Didi tún jẹ́ ọ̀jẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un wọ ìgbàlẹ̀ Egúngún ní erékùṣù Itaparica, tí ó dojú kọ Salvador, ó sì di Alápìíni, oyè tí ó ga jù níbẹ̀. Ní ọdún 1980 ó kọ́ ilé Egúngún tirẹ̀ sí Salvador. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ó ku oṣù méjì kí ó pé ọdún 96. Ní ọdún 2025 ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York gbé àwọn igi ọ̀pẹ rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti wò.

Ilé Egúngún tí ó kọ́ náà kò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé Aṣípa ni ó sọ ọ́.